Làálì Lọ́wọ́ Ìyàwó, Làálì Nínú Irun

Ìyàwó tí ó bá ń relé ọkọ nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣàì wá ohun tí yóò fi kun ara rẹ̀ lẹ́wà. Bí a bá bi àwọn ìyá àgbà léèrè, osùn ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn a lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú omi, wọn a fi pa ìyàwó àti ìyá ọmọ titun lára, ara a sì máa dán. Lẹ́yìn osùn ni bùjé, èso igi tí omi inú rẹ̀ máa ń dúdú lára bí ó bá ti gbẹ, tí àwọn ọmọge fi ń ya onírúurú àwòrán sí apá àti ẹsẹ̀. Bùjé kì í pẹ́ lára. Àwọn àgbà a máa fi í ṣàkàwé ẹwà tí kò tọ́jọ́. Wọ́n ní fáàrí rẹ̀ kì í ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Ẹ̀kẹta wọn, tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, ni làálì.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Lalle ni àwọn Haúsá ń pè é. A gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn bí a ti gba àlùbọ́sà, a sì yí ohùn rẹ̀ bá èdè tiwa mu. Hinna ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, Lawsonia inermis ni. Igi kékeré ni, tí ó fẹ́ràn oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ, ìdí nìyí tí ó fi gbilẹ̀ láti Íńdíà títí dé Mòrókò, tí ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Haúsá ju ìhà igbó tiwa lọ. (Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan a máa kọ ọ́ ní “lálì”, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní fáwẹ̀lì rẹ̀ pé.)

Kì í ṣe ohun àná. Wọ́n ti rí àmì rẹ̀ lára àwọn òkú tí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ṣe lọ́jọ̀. Ìtànná rẹ̀ tí ó ń ta sánsán wà lára ohun tí Orin Sólómọ́nì fi ṣàpèjúwe olólùfẹ́. Àwọn Mùsùlùmí sì ní ìtàn tí wọn kì í gbàgbé: ní ọdún 630, nígbà tí Mẹ́kà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, wọ́n mú bàbá Abú Bákárì wá síwájú Ànábì Muhammad, irun orí àti irùngbọ̀n bàbá náà sì funfun báláú. Ànábì ní kí wọ́n fi nǹkan yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú. Abú Bákárì fúnra rẹ̀ a máa fi làálì pa irun láró. Ìdí abájọ nìyí tí a fi ń rí alàgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ẹni tí kò mọ̀dí sì ń rò pé fáàrí ni bàbá ń ṣe. Ní ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ àáfáà ní obìnrin ni ó ni ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀.

Ìyàwó gan-an ni làálì mọ̀ lólúwa. Ní ilẹ̀ Haúsá, ó ní àsìkò tirẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ nínú ètò ìgbéyàwó, tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí obìnrin yóò péjọ láti lé e fún ìyàwó. Láyé àtijọ́, akèrègbè gígùn tí wọ́n ń pè ní zunguru ni wọ́n ń lò: wọn a ro làálì pípò sínú rẹ̀, ìyàwó a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, a sì jókòó pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí ọ̀làjú dé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí gé téèpù ìlẹ̀wé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n tó lé làálì sí i. Ibi tí téèpù bò kò ní pọ́n, iṣẹ́ ọnà a sì yọ. Ní Ìlọrin, níbi tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Kànúrí ti para pọ̀ di ará ìlú kan, làálì kò ṣàjèjì rárá. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣe wòlímọ́tù, tí ó ń ka Kùránì níwájú àwọn òbí àti àáfáà rẹ̀ kí ó tó wọlé ọkọ, ọwọ́ tí ó fi ń ṣí ìwé náà sábà máa ń ní làálì. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé àwọn ìlú mìíràn, títí tí àwọn ìyàwó onígbàgbọ́ pàápàá fi ń lé e nísinsìnyí.

Ní oṣù Disẹ́ḿbà 2024, àjọ UNESCO fi àṣà làálì sínú ìwé àwọn àjogúnbá ọmọ aráyé, ní orúkọ orílẹ̀-èdè Lárúbáwá 16. Sùdáánì àti Mọritáníà wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ iye ìyàwó tí ń lé làálì láàárín Kánò àti Ìlọrin kì í ṣe kékeré.

Ewé ni gbogbo agbára rẹ̀. Wọn a sá a, wọn a gún un, wọn a sì jọ̀ ọ́ kúnná. Àwọ̀ ewé náà kò pupa. Ìyẹ̀fun rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun ewé èyíkéyìí. Èròjà kan tí ń jẹ́ lawsone ni ó wà nínú rẹ̀, omi tí ó kan díẹ̀ ni ó sì ń mú un jáde, ni àwọn obìnrin ṣe máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí wọ́n bá lé e tán, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí a bá ha á kúrò, bí àwọ̀ ọsàn ni ara yóò kọ́kọ́ rí; ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí ó tó ki, kí ó wá pọ́n dẹ̀dẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ti ń mú jù, nítorí pé awọ ibẹ̀ nípọn. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ni ó ń lò, nítorí awọ òkè ara a máa bọ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Irun kì í bọ́ awọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà làálì kì í kúrò nínú rẹ̀ àfi bí irun bá hù tí a gé e. Lára irun dúdú, pípọ́n díẹ̀ ni a ó rí nínú oòrùn. Lára ewú ni ó ti ń pupa gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúdú ní Ìráànì tàbí Íńdíà a fi ẹ̀lú lé e lórí, aró kan náà tí àwọn aláró Òṣogbo àti Abẹ́òkúta fi ń rẹ àdìrẹ.

Níbi dúdú yìí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dàrú. Kò sí làálì tí ó ń dúdú kirikiri fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú, tí ó ń yọ kíá bí ìgbà tí a fi gègé kọ̀wé, ìyẹ̀fun tàbí omi tí a fi ń pa irun dúdú ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, ní ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ sí làálì nínú rẹ̀ rárá. PPD ni orúkọ èròjà náà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú ohun ìparun láró nígbà tí a bá ń lò ó, wọn kò sì gbà á láyè lára awọ. Ara ẹlòmíràn a máa yún, a wú, a lé ìléròrò ní ibi tí wọ́n ti ya òdòdó gan-an, àpá rẹ̀ a sì ya òdòdó náà síbẹ̀. Ara tí ó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé: lọ́jọ́ tí obìnrin náà bá fẹ́ fi aró bo ewú rẹ̀ ní ogún ọdún sí i, ojú rẹ̀ lè wú. Ní Sùdáánì, níbi tí wọ́n ti ń pò ó mọ́ làálì tipẹ́, àwọn dókítà Kàtúúmù kọ̀wé ní 1992 nípa àwọn ọmọdé tí ó gba májèlé náà sára, tí ọ̀fun wọn wú tí wọn kò fi lè mí. Ẹ bi ẹni tí ń lé e ohun tí ó wà nínú àwo rẹ̀. Bí ó bá ní kò ní pé wákàtí kan kí ó tó dúdú, làálì kọ́ nìyẹn.

Làálì gidi náà ní ibi tí kò yẹ kí ó dé, èyíinì ni ara ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ kan wà, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, pàápàá ọkùnrin, tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ni a máa ń kìlọ̀ fún ìyá wọn pé kí ó má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ wọn. Láti 1996 ni àwọn dókítà ọmọdé ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé bí a bá fi làálì pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, ó lè gba awọ wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, kí ojú ọmọ pọ́n bí èso ìyeyè. Ojú kò sì lè mọ ọmọ tí ó ní in yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọmọ lè lé làálì tirẹ̀ bí ó bá wù ú, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó ha á dànù, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kí ó tó gbé ọmọ.