Áàpù ìtura ọkàn: ta ló máa pè nígbà tó bá le?

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní poli wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní, "Àǹtí, áàpù tó ń tu ọkàn lára ni mo fẹ́ fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì mi, fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn tó ń fi lapitọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá ń béèrè ohun tó ń jẹ́ áàpù, ètò tí wọ́n ń kó sínú fóònù ni, bíi WhatsApp tẹ́ ẹ fi ń rí fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ yín.

Mo wò ó. Ó rẹwà lóòótọ́: òkun ń ru, orin ń dún, obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí òyìnbó. Mo ní, "Èló ni dátà tí èyí máa jẹ?" Ó wolẹ̀. Bẹ́ẹ̀, owó dátà wà lára ohun tó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú! Mo ní kó yọ fídíò yẹn kúrò, kó fi ẹ̀kọ́ nípa mímí sí i.

Ìdí rèé. Bí ìdààmú bá wọlé, ara á tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kì-kì-kì, èémí á máa yára. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ń mí jẹ́jẹ́, tí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, iṣan kan tó ti ọpọlọ wá sínú àyà á jẹ́ kí ọkàn rọra máa lù. Kéèyàn ka 1 sí 4 bó ṣe ń fà á símú, kó ka 1 sí 6 bó ṣe ń tú u jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin àgbà náà lè ṣe é lórí àga, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín tì o. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró.

Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé tún yàtọ̀. Ọmọ tó ń bá àwọn ará California ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago kan tàbí méjì òru ló lù níbí. Tẹ́ ẹ bá wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tẹ́ ẹ pè é ní ọ̀lẹ, ẹ ti fi kún ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Òun fúnra ẹ̀ ló yẹ kó yan àsìkò tí áàpù á máa ké sí i.

Mo tún bi í pé ta ló máa rí ohun téèyàn bá kọ síbẹ̀. Ní 2023, BetterHelp, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń so èèyàn pọ̀ mọ́ agbaninímọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbà láti san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là, lẹ́yìn tí àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí Facebook àti Snapchat nítorí ìpolówó. Mo ní kí gbogbo ẹ̀ wà nínú fóònù olúwa rẹ̀ nìkan, kó sì ní kọ́kọ́rọ́. Fóònù àwọn ọmọ wa, àbúrò á gbà á, ọ̀rẹ́ á gbà á.

Ibi tó ti bí mi nínú díẹ̀ rèé. Áàpù náà máa ń béèrè pé "Báwo lara?", wàá sì tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín tàbí èyí tó ń sunkún. Mo tẹ ojú ẹkún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, orin ló ń kọ fún mi! Ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ní ayé sú òun, kì í ṣe orin ló nílò, èèyàn ni, kíá. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú rẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, aláìsàn àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló jọ ń gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí, tí aláìsàn á sì máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Mo ní kó fi bọ́tìnì kan sí i tó máa pe ẹni tí olúwa rẹ̀ ti yàn sílẹ̀ nígbà tára rẹ̀ ṣì yá, kí nọ́ńbà ọsibítù tó sún mọ́ ọn sì tẹ̀ lé e.

Ó ṣe é lójú mi. Mo bi í pé nọ́ńbà ta lòun fúnra ẹ̀ fi sí i. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Tó bá jẹ́ Mọ́mì ni mo pè, wọ́n á ní ọmọ táwọn ń jìyà lé lórí, kí ló rẹ̀ ẹ́?"

Òun ló ní kí n kọ ọ́ síbí. Àbúrò mi a máa ka ojú ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.