Ní Dengfeng, ọmọ Ṣáínà náà ń ṣe àlejò

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń bi pé "ọmọ ibo ni yín?" bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gba fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Guangzhou, olú ìlú ìpínlẹ̀ Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, ni Dengfeng wà, lábẹ́ àgbègbè Yuexiu láàárín ìgboro. Xiaobei, tó wà níbẹ̀, làwọn oníṣòwò Áfíríkà mọ̀ jù. Aṣọ, bàtà àti fóònù ni wọ́n ń wá rà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí Sanyuanli, àdúgbò mìíràn lábẹ́ àgbègbè Baiyun.

Jiedao ni wọ́n ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ni o! Ìpínlẹ̀ ló wà lókè, ìlú tẹ̀ lé e, àgbègbè tẹ̀ lé ìlú. Ọ́fíìsì jiedao kàn jẹ́ ẹ̀ka tí ìjọba àgbègbè rán síta ni. Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ló ń parí ìjà, tí wọ́n ń bójú tó ìmọ́tótó àti ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó, bíi baálé tiwa, àmọ́ wọn kì í joyè.

Ará òkè òkun tó bá gba ilé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni tàwọn Mùsùlùmí Hui tó wá láti Ningxia àti Qinghai, tí wọ́n ń ta oúnjẹ fáwọn oníṣòwò wọ̀nyí. Ọmọ Ṣáínà ni wọ́n, àmọ́ ìwé hukou, tí òfin rẹ̀ ti wà láti ọdún 1958, ìlú tí wọ́n ti wá ló so wọ́n mọ́. Ẹni tí hukou rẹ̀ kò sí ní Guangzhou lè pẹ́ níbẹ̀ títí, kó máa san owó orí, síbẹ̀ kí ilé ìwé ìjọba fọ́mọ rẹ̀ di wàhálà. Òfin káàdì ìgbélùú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016 dín in kù díẹ̀, kò mú un kúrò.

Lóṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà jáde nílé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ké sí aṣojú Ṣáínà l'Ábùjá, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ti fi ìlú yẹn sílẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tó kù, bí wọ́n bá tún ti kó ilé, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ gbà lọ.