Ọ̀rọ̀ Àwọ̀ nínú Àyẹ̀wò Sítáàṣì Ewé

Bí a bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, orúkọ èròjà ni a sábà máa ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣe pàtàkì bákan náà. Àyẹ̀wò kékeré kan yóò fi èyí hàn.

Ìfìmọ́lẹ̀ṣoúnjẹ ni a ó pe iṣẹ́ tí ewé ń ṣe nígbà tí ó bá ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì di ṣúgà. Ewé a máa sọ apá kan ṣúgà yìí di sítáàṣì, irú èròjà kan náà tí alágbàfọ̀ ń rí nínú ẹ̀gẹ́ tí ó fi ń mú aṣọ le. Julius von Sachs, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ni ó fi áyódíìnì fi ìdí èyí múlẹ̀ láàárín ọdún 1862 sí 1864.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà:

(a) Gbé ilá tí a gbìn sínú ìkòkò sínú òkùnkùn fún wákàtí 48, kí sítáàṣì ewé rẹ̀ lè tán.

(b) Fi bébà dúdú bo ojú àti ẹ̀yìn apá kan ewé kan, kí o sì gbé ilá náà sí oòrùn fún wákàtí 6.

(d) Já ewé náà, tú bébà rẹ̀, kí o sì bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 1. Pa iná pátápátá. Lẹ́yìn èyí, ki ewé náà bọ ife sípíríìtì, kí o sì gbé ife náà sínú omi gbígbóná títí ewé yóò fi funfun.

(e) Fi omi ṣan ewé náà, tẹ́ ẹ sínú àwo funfun, kí o sì kán áyódíìnì sí i.

Apá tí a bò yóò pọ́n rúsúrúsú bí áyódíìnì fúnra rẹ̀. Kí ni a ó wí nípa apá tí ó rí oòrùn? Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ pé: ‘Ewé náà dúdú.’ Ṣùgbọ́n Yorùbá a máa wí pé ewé tútù inú oko dúdú minimini. Nípa báyìí, ewé dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún dúdú ní ìparí. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn náà yóò rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àbá wa ni pé kí a lo ‘dúdú minimini’ fún ewé tútù, kí a sì lo ‘àwọ̀ aró’ fún àmì sítáàṣì. Gbogbo ẹni tí ó mọ aṣọ ẹtù ni ó mọ àwọ̀ yìí. Ìyàtọ̀ yìí yóò tún jẹ́ kí ìdí ìgbésẹ̀ (d) hàn kedere: bí a kò bá kọ́kọ́ bó dúdú minimini kúrò lára ewé, kò ní jẹ́ kí a rí àwọ̀ aró.

Kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kán áyódíìnì sórí iṣu tí a gé, kí gbogbo kíláàsì lè fi ojú ara wọn rí ohun tí àwọ̀ aró túmọ̀ sí.