Kí ẹ̀wà tó di ìyẹ̀fun nínú ṣọ́ọ̀bù: Ooru ló ń sọ bí kòkòrò ṣe máa yára tó

Òwò ẹ̀wà dùn púpọ̀ fún ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó rà á àti ìgbà tó yẹ kó tà á. Bí wọ́n bá ti kórè rẹ̀ tán lápá Òkè Ọya níparí ọdún, owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, tí ti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ti ń tán lọ, owó rẹ̀ á tún gòkè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò, láti Bódìjà n'Ìbàdàn títí dé Mile 12 l'Ékòó, fi máa ń ra ẹ̀wà pamọ́ de ìgbà tí yóò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka oṣù ni kòkòrò náà ń ka ọjọ́ tiẹ̀ nínú àpò. Bí kòkòrò bá yára ju ọjà lọ, gbèsè ló máa gbẹ̀yìn òwò náà.

Kòkòrò yìí kéré gan-an, kò ju bíi mílímítà mẹ́ta lọ. Callosobruchus maculatus làwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló rò pé ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló ti ń jáde, ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti oko ló ti máa ń yé ẹyin sára ẹ̀wà tó ti ń gbẹ. Tó bá ti dénú àpò, ara kóró ẹ̀wà gan-an ló ń yé e sí, abo kan ṣoṣo sì lè yé tó ọgọ́rùn-ún. Bí ẹyin yìí bá pa, ìdin inú rẹ̀ kì í jáde síta rárá, ńṣe ló máa gba abẹ́ ẹyin wọnú ẹ̀wà lọ. Inú ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun títí yóò fi dàgbà, tí yóò sì dá ihò róbótó jáde. Àgbà kòkòrò kì í jẹ ẹ̀wà mọ́, kò sì lò ju bíi ọ̀sẹ̀ méjì lọ láyé. Kó gùn, kó sì yé ẹyin, iṣẹ́ tó kù fún un nìyẹn. Ìgbà tí ọlọ́jà bá fi máa rí ihò lára ẹ̀wà, kòkòrò ti jẹ àjẹyó tán.

Ọjọ́ mélòó ló ń gbà á? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ooru ti wọlé. Kòkòrò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bí èèyàn. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ṣe ń yá tó. Alángbá náà bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá oòrùn láàárọ̀. Ẹyin ọ̀nì tó wà nínú iyanrìn tó móoru máa ń tètè pa ju èyí tó wà níbi tó tutù lọ. Bí ooru inú ṣọ́ọ̀bù bá tó 30°C, tí ọ̀rinrin sì wà díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kòkòrò ẹ̀wà máa ń ti inú ẹyin di àgbà. Tí ooru bá lọ sílẹ̀ sí 20°C, ó lè gbà á ju oṣù méjì lọ. Abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa látàárọ̀ dalẹ́ kò sì jìnnà sí ohun tí kòkòrò ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó bí owó èlé. Ká ní ogójì péré ló yè nínú ọmọ abo kan, tí ìdajì wọn jẹ́ abo. Lóṣù kìíní, ogójì ni. Lóṣù kejì, wọ́n á di 800. Lóṣù kẹta, wọ́n á di 16,000. Bí wọ́n bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ooru ara tiwọn gan-an á máa mú àpò móoru, ìyẹn á sì tún mú kí wọ́n yára sí i. Bí àyè bá há mọ́ wọn, àwọn tó ń fò dáadáa máa ń jáde láàárín wọn, ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò ló sì kàn. Kóńgò ṣì lè kún o, ṣùgbọ́n ojú oníbàárà kò fọ́.

Irú ẹ̀wà náà ń kó ipa tiẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA n'Ìbàdàn rí ẹ̀wà kan, TVu 2027, tí ìdin kì í tètè dàgbà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú síbẹ̀.

Ìbẹ̀rù àdánù yìí ló ń mú kí àwọn kan máa da ọ̀tápíápíá sí ẹ̀wà. Yàtọ̀ sí pé ó lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá, ó ti ba ọjà jẹ́. Lọ́dún 2015 ni àjọ European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí òògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀, wọ́n sì tún fi ọdún mẹ́ta kún òfin náà lọ́dún 2016.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Ooru tó ń mú kòkòrò yára náà ló lè pa á, tó bá ti kọjá agbára rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ́ náílọ́ọ̀nù dúdú sílẹ̀, tó da ẹ̀wà lé e pẹlẹbẹ, tó fi náílọ́ọ̀nù funfun tó mọ́ gaara bò ó, tó sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, inú rẹ̀ lè gbóná dé 57°C. Wákàtí kan ní ìwọ̀n yẹn ti tó láti pa ẹyin, ìdin àti àgbà. Ẹ̀wà tí wọ́n kàn sá sílẹ̀ lásán kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àpò PICS, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù lọ́dún 1987. Náílọ́ọ̀nù méjì ló wà nínú àpò ìdọ̀họ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń dì pa. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí ọ́síjìn tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́, yóò sì gbẹ kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ̀ ọ́, eku kò sì gbọ́dọ̀ lu náílọ́ọ̀nù náà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí ọjà bá dé ló ṣe pàtàkì jù. Kí ọlọ́jà bu ẹ̀wà díẹ̀ sọ́wọ́, kó wá àmì funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹyin ni. Èyí tó bá ní i, kó tètè sá a sábẹ́ náílọ́ọ̀nù, tàbí kó tà á kíákíá. Owó tó bá lọ lórí ìyẹn kò tó èyí tí kòkòrò máa jẹ.