Ṣé èèyàn lè ra ìràwọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn?

Admin yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè gbọ́ fóìsì, òun náà la kọ sílẹ̀ yìí.

Àbúrò wa obìnrin kan ní Igbudu ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Ó wá rí ìpolówó lórí fóònù pé òun lè fi orúkọ ìyá náà sọ ìràwọ̀ kan, wọ́n á sì fi sáàtífíkéètì ránṣẹ́. Ogójì dọ́là ni wọ́n ní kó san. Ó bi mí pé ṣé kí òun fà á yọ nínú owó àjọ tó kàn án lóṣù yìí. Mo ní kó ní sùúrù kí n dáhùn níwájú gbogbo yín, torí kì í ṣe òun nìkan ló rí ìpolówó yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìràwọ̀ jẹ́. Oòrùn tó ń pa wá nínú ọjà yìí, ìràwọ̀ ni. Ó sún mọ́ wa ju àwọn tó kù lọ ló fi tóbi lójú wa. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ti oòrùn ń lo bí ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti ìràwọ̀ tó tún sún mọ́ wa lẹ́yìn oòrùn ń lò ju ọdún 4 lọ. Àgùàlà tó ń mọ́lẹ̀ rekete, tí wọ́n ṣe bí ajá òṣùpá ni, kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, bí ayé wa yìí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn lára rẹ̀.

Ta ló wá ń sọ wọ́n lórúkọ? Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé wà, International Astronomical Union, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1919. Àwọn ni àwọn onímọ̀ gbà pé kó máa tọ́jú orúkọ, wọn kì í sì í tà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìràwọ̀, nọ́ńbà nìkan ló ní, bíi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó ń ta ìwé ńkọ́? Wọ́n á mú nọ́ńbà kan, wọ́n á kọ orúkọ tí ẹ mú wá sínú ìwé tiwọn, ó parí. Ilé iṣẹ́ mìíràn lè ta ìràwọ̀ kan náà fún ẹlòmíràn lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ ní Warri, ẹ mọ̀ ọ́n: rìsíìtì tí àwọn ọmọ deve fún yín kì í ṣe C of O. Ní 1998, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní New York fẹ̀sùn ìpolówó ẹ̀tàn kan irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ wínníwínní sísàlẹ̀ pé ẹ̀bùn ìdárayá lásán ni. Àwọn yẹn ò purọ́, àwa la kì í kà á.

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa lọ lóòótọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ yẹn pé 100 ọdún ní 2019, wọ́n fún orílẹ̀-èdè tó ju 100 lọ ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká, kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́fẹ̀ẹ́. HD 43197 bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà, ó di Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ìgbò. (Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé Ṣàngó ńkọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e fún wọn.) Ghana pe tiwọn ní Sika, wúrà ni lédè Ewe. Pílánẹ́ẹ̀tì tiwa ń jẹ́ Equiano, orúkọ ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú, tó ra ara rẹ̀ padà, tó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ síwèé ní 1789. Ojú lásán ò lè rí Amadioha. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin nǹkan bí 200 ọdún. Èyí tó ń dé lálẹ́ òní, wọ́n ṣì ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú nígbà tó gbéra.

Àbúrò mi, èsì rẹ rèé. Tó bá jẹ́ ìwé tó rẹwà tí wàá gbé kọ́ ògiri lo fẹ́, owó rẹ ni. Ṣùgbọ́n kò sí onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó máa fi orúkọ màmá pe ìràwọ̀ yẹn. Èmi ò ní jẹ́ kí owó àjọ bá a lọ. Kí o má sì tẹ nọ́ńbà káàdì ATM rẹ sórí lìǹkì yẹn.

Tó bá di oṣù Kejì, ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó àwọn ọmọ jáde síbi tí iná flare ò ti tàn jù. Ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ lókè. Ẹ tọ ìlà wọn lọ sí apá gúúsù ìlà oòrùn, ẹ máa bá èyí tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ alẹ́ lọ. Sirius nìyẹn, ẹ̀yin àlùfáà inú wa, òun ni Shi'rā tó wà nínú Sura An-Najm. Pè é ní ìràwọ̀ Màmá fún wọn. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, fóìsì ìṣẹ́jú méjì péré o.