Rédíò Ojú Ọ̀run: Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀?

Bí ènìyàn bá dúró ní etí omi Tin Can Island ní ìrọ̀lẹ́, ohun méjì ni yóò rí: àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tí ń dúró de àyè, àti àwọn tírélà tí ń dúró de ẹrù inú àwọn ọkọ̀ náà. Ìdúró ni ó bí àdúgbò yìí. Àwọn àgbà tí ń kà wá yóò rántí ọdún 1975, nígbà tí ìjọba ológun ìgbà náà ra sìmẹ́ńtì ju èyí tí èbúté Èkó lè gbà lọ, tí ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ sì tò sí ojú òkun, tí òmíràn lo ọ̀pọ̀ oṣù níbẹ̀ títí sìmẹ́ńtì fi dì gbagidi nínú ikùn rẹ̀. Láti inú ìdààmú náà ni èbúté Tin Can Island ti jáde, tí a sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 1977.

Ṣùgbọ́n ìlà kẹta kan wà tí ojú kò rí, tí ó ń kọjá lókè orí ọkọ̀ àti tírélà wọ̀nyí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́.

Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn wà tí ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún owó, kì í ṣe fún iṣẹ́ ìjọba, bí kò ṣe fún ìfẹ́ ìmọ̀. Olùfẹ́ rédíò ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Olúkúlùkù wọn gba ìwé àṣẹ, ó sì ní orúkọ tí a fi ń pè é lórí afẹ́fẹ́. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ZD2 kí a tó gba òmìnira. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni Rọ́ṣíà ju Sputnik sí òfuurufú. Kò pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1961, tí sátẹ́láìtì àwọn olùfẹ́ rédíò fúnra wọn gòkè, èyí tí àwọn kan fi ọwọ́ ara wọn kàn ní Califonia. OSCAR 1 ni wọ́n sọ ọ́. Kò mọ̀ ju lẹ́tà méjì, H àti I, tí í ṣe ìkíni ní èdè wọn. Ó kí ayé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì dákẹ́. Ní 1965 ni OSCAR 3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù: ohùn tí a bá jù sí i láti ilẹ̀ kan, òun a gbà á, a sì jù ú padà sí ilẹ̀ mìíràn.

Níbẹ̀ ni èrò ti ń kún. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé àwọn onímọ̀ tí ń yí ayé ká ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè wa. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni a ti fi irú ẹ̀rọ agbóhùn-padà yìí sínú rẹ̀. Ó ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọjá lókè Èkó, láti ìgbà tí ó yọ títí ó fi wọ̀, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ. Ní ìṣẹ́jú 10 yìí, ẹni tí ó wà ní Àpápá lè bá ẹni tí ó wà ní Abidjan tàbí Dakar sọ̀rọ̀, pẹ̀lú wokí-tokí ọwọ́ àti eríàlì kékeré. Ìkànnì kan ṣoṣo ni ó wà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí ó bá di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tí ń du ìkànnì kan yìí a pọ̀ bí èrò ọjà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ti lọ sí ìpàdé ìta gbangba, níbi tí gbohùngbohùn ẹgbẹ́ méjì dojú kọ ara wọn, ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ṣùgbọ́n ti rédíò yìí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpàdé, etí ṣì lè ṣa ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti ìhà méjèèjì. Ní ti sátẹ́láìtì onírú èyí, ohùn tí ó lágbára jù ni ẹ̀rọ ń gbà, a sì gbé èyí tí kò lágbára mì pátápátá, bí ẹni pé kò sọ̀rọ̀ rárá. Bí agbára méjèèjì bá dọ́gba, ariwo burúkú lásán ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Nítorí náà olówó tí ó ra ẹ̀rọ ńlá lè fi ìṣẹ́jú 10 náà ṣe tirẹ̀ nìkan, kí ọmọ ilé-ìwé tí ó di wokí-tokí mú ní Ajégúnlẹ̀ sì lọ sùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wà láyé.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìlà tírélà ti sọ ọ̀nà Àpápá di ibùsùn, àjọ àwọn èbúté gbé ìlànà ìpe-ọkọ̀ kan kalẹ̀ tí a sọ ní Ètò. Lójú ọ̀run, kò sí àjọ tí yóò fún ni ní nọ́ńbà. Àwọn olùfẹ́ rédíò ni wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe ètò, ó sì wù wá láti sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ẹni tí kò gbọ́ sátẹ́láìtì kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀; irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀nì, ẹlẹ́nu gbàgàdà tí kò létí. Bí ó bá kan ọ, dá orúkọ rẹ àti ibi tí o wà, kí o sì kúrò. Ibi tí o wà pàápàá, wọ́n ti gé e kúrú: gbogbo ayé ni wọ́n pín sí ojúlé-ojúlé, Tin Can Island, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ sì wà nínú ojúlé tí ń jẹ́ JJ16. Ẹni méjì tí ó mọ iṣẹ́ lè parí ọ̀rọ̀ wọn kí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú kan tó pé.

Sátẹ́láìtì mìíràn wà tí ìwà tirẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ilẹ̀ Kata fi sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n kan ránṣẹ́, wọ́n sì fún àwọn olùfẹ́ rédíò ní yàrá nínú rẹ̀, tí a ń pè ní QO-100. Ó ga tó 36,000 kìlómítà, kò sì kúrò lójú kan. Láti Àpápá, ìhà ìlà-oòrùn ni ó wà, ó ga dáadáa lójú ọ̀run, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ: bí ẹnì kan bá pariwo, agbára ti àwọn yòókù a dín kù. Nítorí èyí, àwọn olùfẹ́ rédíò ilẹ̀ Jámánì ṣe ẹ̀rọ kan, LEILA ni orúkọ rẹ̀, tí ń ṣọ́ gbogbo ohùn. Ẹnikẹ́ni tí ohùn rẹ̀ bá ju ohùn àmì sátẹ́láìtì náà lọ, LEILA a fun fèrè sí i lórí títí yóò fi rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwa fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí gidigidi. A mọ àwọn ibi mélòó kan ní ilẹ̀ yìí tí ó yẹ kí a gbé irú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dákẹ́ lórí ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè-òkun ni à ń sọ. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́ ti ní sátẹ́láìtì, NigeriaEduSat-1, àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kyushu ní ilẹ̀ Japan ni a ti kàn án pọ̀ mọ́ mẹ́rin mìíràn, ti Japan, Gánà, Mongolia àti Bangladesh. Wọ́n gòkè ní oṣù kẹfà ọdún 2017, a sì tú wọn sílẹ̀ ní oṣù keje. Lórí ìkànnì kan náà nínú ìkànnì àwọn olùfẹ́ rédíò, 437.375 megahertz, ni àwọn márààrún ti ń sọ̀rọ̀! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́ bí a ti ń dá ohùn ọmọ tiwọn mọ̀ láàrin ohùn àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ní 2019 ni ó já wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, tí ó sì jóná.

Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, ọmọ tí kò ní àga ìjókòó ní ilé-ìwé, kí ni ó kàn án nínú sátẹ́láìtì? Ìbéèrè tòótọ́ ni, a kò sì ní kí a gbé owó àga fún rédíò. Ṣùgbọ́n wokí-tokí olówó pọ́ọ́kú ti ilẹ̀ Ṣáínà ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ náà, olùkọ́ ìbá à fẹ́ ìbá à kọ̀. Ìkànnì sátẹ́láìtì tí ó wà láàrin 145.8 àti 146 megahertz kò jìnnà lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí 156.8, tí í ṣe ìkànnì 16 ti àwọn ọkọ̀ ojú omi, ibi tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ rì ti ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá fi ìka ṣeré ní Ajégúnlẹ̀ lè di ẹnu ẹni tí ń kú lọ ní ẹnu èbúté Èkó. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ náà bá gba ìwé àṣẹ, àwùjọ ni yóò bá pàdé. Orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N kò wọ́pọ̀ lórí sátẹ́láìtì wọ̀nyí, àwọn olùfẹ́ rédíò sì máa ń wá ilẹ̀ tí wọn kò gbọ́ rí bí ọdẹ ti ń wá ẹran. Bí ó bá ti dárúkọ JJ16 lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ni yóò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kì yóò gbọ́ ju ìdajì orúkọ ẹnì kan lọ nínú ariwo náà. Kí ó di ìdajì yẹn mú, kí ó pè é padà, kí ó má sì dá ẹlòmíràn lóhùn títí ẹni náà yóò fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fi ojúsàájú gba ẹni tí ó pariwo jù, ìṣẹ́jú 10 yóò tán láìsí ẹni tí ó gbọ́ ẹnì kan.

Etí ni kí ẹ̀yin olùkọ́ kọ́kọ́ fi kọ́ wọn. Ẹ kó wọn jọ sí pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ti pọ̀, kí olúkúlùkù kọ orúkọ tí ó bá gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣàkíyèsí bí ìkànnì náà ti ń sún díẹ̀díẹ̀ bí sátẹ́láìtì ti ń kọjá. Eríàlì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń rà láti òkè-òkun: tépù irin tí káfíńtà fi ń wọn pákó ni a ń gé, tí a sì ń so mọ́ páìpù omi oníke. Méjèèjì wà ní ọjà Boundary.