Oúnjẹ Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ fún Aboyún Alátọ̀gbẹ

“A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ” ni àdúrà fún aboyún, ní Ìjẹ̀bú-Òde gẹ́gẹ́ bí ó ti rí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Bí ìrọbí bá pẹ́, ìyá ọkọ lè fẹ́ gbé omi oyin tàbí gààrí Ìjẹ̀bú oníṣúgà wá, kí okun má baà tán nínú ìyàwó. Àánú ni, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ní àtọ̀gbẹ, àánú náà ń fẹ́ ìmọ̀.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa gba ìwọ́ dé ara ọmọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ara ọmọ a pèsè ínsúlínì púpọ̀ láti kápá rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ìwọ́ tán, ṣúgà ìyá kò wọlé mọ́, ínsúlínì ọmọ sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣúgà ọmọ a já wálẹ̀, gìrì sì lè tẹ̀lé e.

Nítorí náà ni ìlànà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí a máa wọn ṣúgà ìyá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó wà láàárín 72 sí 126 mg/dL. Bí ó bá ga, ínsúlínì ni. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, nǹkan dídùn di oògùn. Ebi kì í wo àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ bi agbẹ̀bí léèrè kí ẹ tó gbé igbá. Bí ọmọ bá sì dé, kí ó mu ọmú láàárín 30 ìṣẹ́jú.